Obìnrin Tó Ń Fọwọ́ Wọn Páwà-páàkì

Kò sí òṣùwọ̀n kankan nínú ṣọ́ọ̀bù Gbéewò, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí òṣùwọ̀n ló ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú ayé rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́, ní káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó ń lọ sí ìlú òkèèrè. Oníbàárà á gbé páálí lé e lọ́wọ́, Gbéewò á ní, "Kílò méjì àti díẹ̀," kó tó gbé e sórí irin òṣùwọ̀n, irin náà kì í sì í já a nírọ́. Ibẹ̀ ni inagijẹ rẹ̀, Gbéewò, ti wá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nítorí pé ó máa ń ní kí oníbàárà gbé ọjà wò kó tó rà á ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wò. Oníbàárà kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi àga tí ó bá ní kó jókòó lé.

Nígbà tí wọ́n ti káńtà náà pa, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ máa ń kú lójoojúmọ́, ẹni tó sì yẹ kó tún wọn ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ó ti mọ́ ọn lára láti máa tú wọn wò. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa fún oṣù mọ́kànlá láàárín àwọn tí wọ́n lè pè é ní ìyá. Lẹ́yìn náà ló gba yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta, láàárín ẹni tó ń ṣe fọ́tò-kọ́pì àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ó ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Inú ike oògùn òfìfo ló ń kó síkúrù sí, ó sì lẹ bébà mọ́ wọn lára: *Gígùn*, *Kúkúrú*, *Mi Ò Mọ̀*. Ike tó kẹ́yìn yìí ló kún jù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ayàwòrán ilé ni ẹ̀gbọ́n mi yìí, ó sì ti tó ọdún méjìlélógún tó ti wà ní ilé iṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe òun ló ń ro bí ilé ṣe máa rí, ọ̀gá rẹ̀ ló ń rò ó. Òun ló ń sọ ìrònú ọ̀gá di ìlà lórí kọ̀ǹpútà, tó ń wọn ilẹ̀kùn, tó sì ń wá ibi tí páìpù máa gbà. Ọmọ méjì ni iṣẹ́ náà ń rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni páìpù bẹ́ lókè àjà ọ́fíìsì wọn, tí omi sì dà sórí kọ̀ǹpútà tó ń lò. Wọ́n yẹ ẹ́ wò. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe ìṣirò. Mẹ́mórì rẹ̀ ṣì dára, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Ohun méjì péré ló bàjẹ́: mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, àti páwà-páàkì, ìyẹn àpótí irin tó ń gba iná ilé, tó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀yà náà ní ìwọ̀nba. Ọ̀gá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ilé iṣẹ́ kò ní ra òmíràn, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ dín iye tábìlì kù. Kí ó máa kó èyí tó kù lọ sílé. Tó bá lè ya àwòrán ilé ìwòsàn kékeré kan láti ilé, kó sì fi ránṣẹ́ kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Tí kò bá lè ṣe é, a jẹ́ pé ó dìgbóṣe.

Ó kó àwọn ẹ̀yà náà sínú àpò ìfàlọ́wọ́, ó fi aṣọ ìnura wé wọn bí ọmọ tuntun, ó sì wá sí ilé mi. Èmi ni mo sìn ín lọ sí ọ̀dọ̀ Gbéewò ní Ọjọ́rú.

Gbéewò kò bi í léèrè bóyá ó fẹ́ èyí tó yára tàbí èyí tó rẹwà. Ó mú ọpọlọ náà, ó yí i dé ojú ìmọ́lẹ̀, ó ka nǹkan tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ó sì ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í jókòó sórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó bá ti rí. Oríṣi ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìjókòó tirẹ̀, irú èyí sì ti pẹ́. Wọn kò ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́, àlòkù la máa wá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà láti inú páálí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Onípáálí.

Méjì ló ní. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán, iná aláràbarà sì wà létí rẹ̀ tó máa ń tàn yíká bí kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan ni wọ́n ti yọ ọ́, eruku ṣì wà lára rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lára èyí tó ń tàn. Ó ní tí òun bá máa jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́, kí òun kúkú rí nǹkan wò.

Gbéewò bi í pé, "Ayàwòrán, ilé tí ẹ bá ń yà, ṣé ọ̀dà lẹ máa ń kọ́kọ́ kùn ni, àbí ìpìlẹ̀ lẹ máa ń kọ́kọ́ gbẹ́?"

Baba Onípáálí rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé èyí tó ń tàn kò ní kúrò lọ́wọ́ òun lónìí. Gbéewò wá fi hàn wá. Ti aláràbarà náà, ihò mẹ́mórì méjì péré ló ní, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni mẹ́mórì ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tí iná ti ń wọ ọpọlọ lára rẹ̀ wà ní ìhòòhò, kò sí irin kankan lórí rẹ̀ tó máa gba ooru. Ti eléruku ní ihò mẹ́rin, irin sì bo ibẹ̀ dáadáa. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ìjókòó ọpọlọ náà, ó ń wá bóyá irin wẹ́wẹ́ kankan ti tẹ̀ níbẹ̀. Ó tún wo àwọn nǹkan róbótó tó dà bí agolo kéékèèké lórí pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé èyí tó bá ti wú lórí ti ń kú lọ nìyẹn. Kò sí èyí tó wú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ó wo iná aláràbarà náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni ń dágbére, ó sì yí ojú kúrò.

Ó wá ku páwà-páàkì. Méjì náà ni Baba Onípáálí gbé kalẹ̀, tuntun ni wọ́n, nínú páálí wọn. Iná tí wọ́n lè gbé, ẹgbẹ̀rin wáàtì ó dín àádọ́ta ni wọ́n kọ sára ọ̀kan, wọ́n sì kọ ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta sára èkejì. Mo nawọ́ sí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù. Gbéewò kò wo nọ́ńbà rárá. Ó gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì, ó di ojú, ó sì dá ti nọ́ńbà ńlá náà padà sórí tábìlì.

Ó kọjú sí èmi olùkọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹnu ni bébà ara rẹ̀. Ìwúwo ni ìwà rẹ̀. Bàbà pẹ̀lú irin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, bàbà kì í sì í fúyẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ó mọ́gbọ́n wá, ó sì rọrùn láti rántí, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọjọ́ kejì. Mo ní láti kọ ọ́ síbí pé mo fara mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun nìkan ló ṣe é. A ra èyí tó wúwo.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Gbéewò wá to kọ̀ǹpútà náà ní yàrá ìgbàlejò ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí a ká aṣọ orí tábìlì kúrò, ó ní kí gbogbo wa fọ ọwọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Kó tó fọwọ́ kan ẹ̀yà kankan, ó máa ń kọ́kọ́ di irin àpótí kọ̀ǹpútà náà mú. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní iná díẹ̀díẹ̀ máa ń wà lára ènìyàn láìmọ̀, irin náà ló ń gbà á kúrò, torí pé iná tí kò lè dun èèyàn lè pa mọ́dábọ́ọ̀dù. Ó gbé ọpọlọ náà sórí ìjókòó rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ọpọlọ náà sì bọ́ sínú ìjókòó náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó tẹ bọ́tìnì, tí ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ lọ geere. Ó ya ògiri, ó ya yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó fẹ́ wo bí gbogbo ilé náà ṣe rí láti òkè. Ó ní kí kọ̀ǹpútà yí i po. Kọ̀ǹpútà náà kú fin. Ó tàn án, ó tún yí ilé po, ó tún kú. Tó bá ń ya ìlà lásán, kò sí wàhálà. Tó bá ti ní kó fi odindi ilé hàn, ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Mo wò ó, mo sì dá ẹjọ́: mọ́dábọ́ọ̀dù ni. Àlòkù ni, eruku bò ó, ó ti darúgbó, kí ló tún kù tí a fẹ́ bi í? Mo pe Gbéewò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn tí mo máa ń lò fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kò bá mi jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ìgbà tí a bá yí ilé náà po nìkan ló ń kú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ń bọ̀.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé àpò rẹ̀ dé kí ìṣẹ́jú ogójì tó pé. Ó ti mítà tó ń wọn agbára iná bọ ara wáyà yẹ́lò kan tó ń ti ara páwà-páàkì wá. Méjìlá ló yẹ kó máa kà, méjìlá náà ló kà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi yí ilé náà po. Nọ́ńbà náà já sí mọ́kànlá, ó já sí mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà kú. Gbéewò yọ mítà náà, ó ká wáyà rẹ̀, ó sì yíjú sí wa kó tó tú nǹkan kan.

Ó ní, "Ẹ má wá ẹlẹ́bi kiri. Mọ́dábọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan. Páwà-páàkì ni, èmi ni mo sì yàn án."

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń kọ́ni. Mo ti gba àwáwí lẹ́nu ọmọdé, mo ti gbà á lẹ́nu òbí, mo sì ti gbà á lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé ìwé. Mi ò rántí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ni kí a tó bi í. Ó lè sọ pé Baba Onípáálí ló tà á fún wa. Òótọ́ ni ì bá sọ. Kò sọ ọ́.

Ó yọ páwà-páàkì náà kúrò lára iná, ó ní kí a fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé iná máa ń sá pa mọ́ sínú rẹ̀, ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tú u láé. Nígbà tó wá ṣí i, a rí i. Bàbà inú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin gbọrọgbọrọ kan mọ́ ìsàlẹ̀. Irin náà kò so mọ́ wáyà kankan, kò sì ní iṣẹ́ kankan ní ayé ju kó wúwo lọ.

Gbéewò yọ irin náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fọwọ́ wọn òun náà wò.

"Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ mí o," ló wí. "Kò rí mi rí, àmọ́ ó mọ̀ mí."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún ni òun fi kọ́ ọwọ́ òun ní ọgbọ́n, ẹnì kan sì jókòó síbì kan, ó fi irin kan péré gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ló ń wò lójú kọ̀ǹpútà tó ti ṣókùnkùn.

Gbéewò dìde, ó ní òun ń padà bọ̀. Nígbà tó dé, páwà-páàkì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ti lò ó díẹ̀. Ara kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti yọ ọ́, èyí tó ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní kí ni Gbéewò fúnra rẹ̀ fẹ́ máa wá lò?

"Ẹ gbà á jàre. Orin ni mo ń gbọ́ lórí tèmi. Ilé ìwòsàn ló wà lórí tiyín."

Àmọ́ kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan. Ó mú gílóòbù iwájú ọkọ̀ méjì jáde nínú àpò, ó so wọ́n mọ́ wáyà yẹ́lò náà, ó tàn án, ó sì fi mítà sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà le débi pé a yí ojú sí ògiri, a wá dà bí àwọn tí wọ́n ń jẹ níyà. Ó ní gílóòbù ọkọ̀ máa ń mu iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí a jẹ́ kí wọ́n mu ún fún wákàtí kan, kí a wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀. Wákàtí kan pé. Méjìlá ni mítà ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà náà ló tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi yí ilé ìwòsàn náà po. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹwàá. Òrùlé rẹ̀ ń kọjá, fèrèsé rẹ̀ ń kọjá, kọ̀ǹpútà kò mira.

Ní ọjọ́ kejì, Gbéewò gbé èyí tó ní irin nínú lọ fún Baba Onípáálí. Òun náà kò jiyàn. Ó da páálí tó kù sílẹ̀, wọ́n sì jókòó, wọ́n fi gílóòbù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá nínú ogún ló kú. Láti ìgbà náà, Gbéewò kì í ta páwà-páàkì tí gílóòbù méjì náà kò bá tíì mu iná rẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì kọ́ Baba Onípáálí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí wọ́n ṣe máa ń pa á lówe nìyẹn, àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jìn sí kòtò tó kàn fi ewé bò ó fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, kì í ṣe nítorí pé kò ṣì í. Ó ṣì í gan-an. Mo dúpẹ́ nítorí bó ṣe dúró ti àṣìṣe náà títí ó fi di àtúnṣe, nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta péré kù.

Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Kò sí ẹni tó dáhùn ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó dáhùn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó gbálẹ̀ ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Ní ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Kò kí i, kò yìn ín. Àtúnṣe méje ló kọ, ó fi nọ́ńbà sí wọn. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ kéré jù fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Páìpù kan gba inú òpó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́, àṣìṣe méje ni wọ́n rí.

Mo ní kó tún un kà fún mi. Ó tún un kà. Mo bi í pé, iṣẹ́ tí ènìyàn bá fẹ́ jù nù, ta ló máa ń jókòó wọn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ rẹ̀? Mo gbọ́ tí ó ń yí lẹ́tà náà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí kò tíì kà dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó dá a padà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí pé àwòrán ilé ìwé kan ń dúró dè é.

Gbéewò ni ẹ̀gbọ́n mi pè lẹ́yìn mi. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, láti ilẹ̀kùn dé páìpù, ó sì kà á pẹ̀lú ìgbéraga bí ẹni ń ka oríkì. Gbéewò fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Méje péré?" ló ní. "Ẹ lọ ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí àwòrán náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn.